Láti Ìtanràn Tírílíọ̀nù Kan dé Ìpín Ogún: Àkọsílẹ̀ Bí MTN Ṣe Wá Ibùgbé ní Nàìjíríà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, lẹ́tà kan kúrò ní NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì já sọ́wọ́ MTN. Ìṣirò inú rẹ̀ kò le. Òfin ìforúkọsílẹ̀ símù tí wọ́n ṣe ní 2011 sọ pé 200,000 náírà ni ìtanràn orí símù kọ̀ọ̀kan tí ilé-iṣẹ́ bá jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n forúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Àjọ náà ka irú símù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ MTN, ó jẹ́ bíi mílíọ̀nù 5.2, ó sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì di tírílíọ̀nù 1.04 náírà. Nígbà tí dọ́là kan ṣì jẹ́ náírà 199 ní báǹkì, owó náà lé ní bílíọ̀nù 5 dọ́là. Ẹni tó bá ní kí òun ka iye òdo tó wà níbẹ̀, yóò ní láti gbé gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀.

Àkọsílẹ̀ yìí dá lórí ohun tí ìtanràn náà sọ ìṣòwò MTN dà láàárín ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ òwò a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé inú yàrá ìpàdé ni ètò ilé-iṣẹ́ ti ń jáde, pé àwọn ọ̀gá jókòó, wọ́n wo ọjà, wọ́n sì yan ọ̀nà tó wù wọ́n. Nínú ọ̀ràn yìí, ibi mẹ́ta tó jìnnà sí yàrá ìpàdé MTN ní Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, ló yan ọ̀nà fún wọn: Abuja, igbó Sambisa, àti abẹ́ agboòrùn ẹni tó ń ta símù létí títì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, èyí tí ọmọ Nàìjíríà ti ń bi ilé-iṣẹ́ náà láti ọjọ́ tó ti dé, nígbà mìíràn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú òkúta: ta ló ni ọ́?

Ọdún 2001 ló dé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ta ìwé àṣẹ GSM ní gbàǹjo, Ernest Ndukwe tó jẹ́ ọ̀gá NCC nígbà náà ló sì wà ní ìdí rẹ̀. (Ẹ má gbàgbé orúkọ yìí, a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.) Mílíọ̀nù 285 dọ́là ni MTN san. Lójú ọ̀pọ̀ onídòókòwò lókè òkun, orí ẹni tó bá kó irú owó bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀ kò pé: ọdún méjì kò tíì pé tí àwọn ológun kúrò lórí àga, iná mọ̀nàmọ́ná kò dúró sójú kan, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè náà kò sì tó 500,000, láàárín èèyàn tó ti lé ní mílíọ̀nù 100 dáadáa. Àmọ́ ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohun tí àwọn mìíràn kà sí àìní, MTN kà á sí ọjà.

Ọjà náà kọ́kọ́ jẹ́ ti olówó. Símù nìkan wọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, ìpè ìṣẹ́jú kan jẹ́ 50 náírà, bẹ́ẹ̀ sì ni owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ́ 5,500 náírà. Ẹni tí kò lè ra tirẹ̀ máa ń tò sí ìdí tábìlì ẹni tó ń ta ìpè. Yóò ti ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó tẹ nọ́ńbà, torí pé bí ọ̀rọ̀ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo kọjá ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú méjì ni yóò san. Nígbà tí Globacom dé ní 2003, tó ní ìṣẹ́jú-àáyá lòun yóò máa fi ka owó ìpè, àwọn èèyàn wojú ara wọn: a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe látọjọ́ yìí wá? Ìbínú tó wà nínú ìbéèrè yẹn kò lọ pátápátá. Ó wọlẹ̀ lọ ni, bí omi tí ń wọ yanrìn.

Ìbínú mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó ti pẹ́ jù ú lọ. MTN bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ní 1994, ọdún tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá sílé níbẹ̀. Nàìjíríà ná owó àti ohùn rẹ̀ sórí ìjà yẹn. Láti 1976 ni ìjọba ti dá àpò owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń jà lápá gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì dá tiwọn. Ní 1979, nígbà tí Ọbásanjọ́ ṣì wà nínú aṣọ ológun, ìjọba rẹ̀ gba ohun tí BP, ilé-iṣẹ́ epo àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ní ní Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ epo tó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì sọ ilé-iṣẹ́ náà di African Petroleum. Nítorí náà, ẹni tó mọ ìtàn mọ nǹkan méjì kí MTN tó de òpó ìbánisọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Èkíní ni pé Nàìjíríà gbà pé Gúúsù Áfíríkà jẹ òun ní gbèsè ọpẹ́. Èkejì ni pé bí Nàìjíríà bá fẹ́ bá orílẹ̀-èdè mìíràn sọ̀rọ̀ líle, ó mọ bí wọ́n ti ń fi ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́. Ọkùnrin tó gba BP ní 1979 náà ni ààrẹ tó fún MTN ní ìwé àṣẹ ní 2001. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé ẹnikẹ́ni ní Johannesburg ro ìyẹn dáadáa nígbà tí owó ń ya wọlé.

Ó sì ya wọlé lóòótọ́. Nígbà tí yóò fi di 2015, oníbàárà MTN ní Nàìjíríà ti lé ní mílíọ̀nù 60, ibẹ̀ nìkan sì ni nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún gbogbo ẹgbẹ́ MTN ti ń wá. Àmọ́ ìpín ilé-iṣẹ́ náà kò sí ní ọjà. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ló ni èyí tó pọ̀ jù, ìwọ̀nba ọlọ́lá ní Nàìjíríà ló sì di ìyókù mú. Ìyá tó ń ta káàdì ìpè ní Ọjà Ọba lè ná MTN, ó lè tà á, kò lè ní in.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní ìdí tábìlì kan, nítorí ibẹ̀ ni símù ti ń di aláìlórúkọ. Tábìlì pákó ni, agboòrùn ńlá wà lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà àgbéléwọ̀ kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka. Wọ́n ta aṣọ funfun kan sẹ́yìn kí fọ́tò lè mọ́. Iye símù tí ọmọ tó jókòó níbẹ̀ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójúmọ́ ni wọ́n fi ń san owó fún un. Bíríkìlà kan dé, simẹ́ǹtì ti jẹ ìka rẹ̀, ẹ̀rọ náà kò mú un. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò mú un. Èrò ti tò sẹ́yìn, bátìrì ti ń lọ sílẹ̀, ọ̀gá sì ti pè láàárọ̀ pé iye tàná kéré. Ọmọ náà á wo ọ̀tún, á wo òsì, á fi ìka ara rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà, orúkọ bíríkìlà á sì wọlé pẹ̀lú ìka ẹlòmíràn. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Láìpẹ́, símù tí wọ́n ti forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ fún tẹ́lẹ̀ di ohun tí èèyàn ń rà bí ẹ̀pà, kò sí ẹni tó ń béèrè ta ni yóò lò ó.

Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn ko gbogbo ẹ̀bi náà lé àwọn ọmọ ìdí tábìlì lórí. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n ń fi iye sanwó fún, iye ni yóò kó wá. Àwọn tó gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀ wà nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n sì fi ń wọn àwọn pẹ̀lú: iye oníbàárà ní ìparí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá yọ mílíọ̀nù márùn-ún símù kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọjọ́ kan, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń fa èsì rẹ̀ wálẹ̀ níwájú àwọn onípìn-ín. Nínú oṣù kẹjọ 2015, NCC pe àwọn ilé-iṣẹ́ náà jọ, ó fún wọn ní ọjọ́ méje péré láti ti àwọn símù tí ìforúkọsílẹ̀ wọn kò pé. Àwọn yòókù tì í dé ìwọ̀n tó tẹ́ àjọ náà lọ́rùn. MTN fi falẹ̀.

Ọdún 2015 kì í ṣe ọdún tí ẹnikẹ́ni lè fi irú ọ̀rọ̀ yẹn falẹ̀. Muhammadu Buhari ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè ní oṣù karùn-ún, ìlérí tó tóbi jù lọ tó ṣe ni pé òun yóò ṣẹ́gun Boko Haram, fóònù tí kò lórúkọ sì ni àwọn agbésùnmọ̀mí náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Owó epo rọ̀bì tún ti já wálẹ̀, àpò ìjọba gbẹ. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, àwọn ajínigbé gbé Olóyè Olú Fálaè nínú oko rẹ̀ ní Ìládò, nítòsí Àkúrẹ́, lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún 77, wọ́n sì ń fi fóònù bá ẹbí rẹ̀ dúnàádúrà owó. Bí wọ́n bá lè gbé akọ̀wé ìjọba àpapọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó ti dupò ààrẹ rí, kí ọlọ́pàá má sì lè mọ ẹni tó ni nọ́ńbà tó ń dún, kí ni a fi ń forúkọ símù sílẹ̀? Oṣù tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà ìtanràn jáde.

Ní oṣù kẹta 2016, Jacob Zuma tó jẹ́ ààrẹ Gúúsù Áfíríkà wá sí Abuja. Níwájú àlejò rẹ̀, Buhari sọ ọ́ ní gbangba pé ó kéré tán, 10,000 ọmọ Nàìjíríà ni Boko Haram ti pa láti 2009, pé símù tí kò ní ìforúkọsílẹ̀ wà lára ohun èlò wọn, pé MTN sì lọ́ra láti ti tirẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ọ̀ràn yìí bí ọ̀rọ̀ òwò nìkan, kó tún gbólóhùn yẹn kà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún MTN ti di ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá àwọn òkú sọ̀rọ̀.

Kí wọ́n tó débẹ̀, orí ti yí. Sifiso Dabengwa, ọ̀gá àgbà gbogbo ẹgbẹ́ MTN, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 2015, wọ́n sì pe Phuthuma Nhleko padà, ẹni tó ti darí ilé-iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ rí, láti wá gbé ẹrù náà sọ̀. Michael Ikpoki tó jẹ́ ọ̀gá ní Nàìjíríà náà lọ. Ọ̀nà méjì ni ìlànà Nhleko gbà, èyí tó mú kí ó dà bíi pé ilé-iṣẹ́ náà ní ẹnu méjì. Ó ń rìn lọ sí Abuja láti lọ bẹ̀bẹ̀. Ó tún gba Eric Holder, agbẹjọ́rò àgbà Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, láti bá ìjọba sọ̀rọ̀. Ní oṣù kejìlá, NCC kọ lẹ́tà pé ìtanràn ti dín sí bílíọ̀nù 674. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà mìíràn dé pé àṣìṣe ni, bílíọ̀nù 780 ni. MTN gba ilé ẹjọ́ lọ ní Èkó lóṣù yẹn kan náà.

Bí mo ṣe rí i, ilé ẹjọ́ yẹn ni àṣìṣe tó tóbi jù lọ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ti símù. Òfin lè wà lẹ́yìn wọn lóòótọ́, torí pé ó ṣeé jiyàn pé àjọ kan náà kò gbọ́dọ̀ ṣòfin, kó dájọ́, kó tún gba owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé kò bọ̀wọ̀ fún ilé, tó wá ń pe onílé lẹ́jọ́ nínú ilé, ń fún ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ ni. Àwọn náà padà rí i. Ní oṣù kejì 2016, wọ́n san bílíọ̀nù 50 náírà, wọ́n sì fa ẹjọ́ náà yọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, wọ́n fẹnu kò sí bílíọ̀nù 330 náírà, tí wọn yóò san láàárín ọdún mẹ́ta.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn tó yẹ kí àwọn onímọ̀ ìṣirò gbádùn. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn àdéhùn náà, Báǹkì Àpapọ̀ tú okùn ọrùn náírà, dọ́là sì fò láti 199 kọjá 280. Bílíọ̀nù 330 tó jẹ́ bíi bílíọ̀nù 1.66 dọ́là lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i ti di bíi bílíọ̀nù 1.1 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí dọ́là wà ní 305. Náírà ni gbèsè náà, náírà ló sì ń rọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má bá MTN yọ̀: náírà náà ni wọ́n fi ń pa èrè, èrè ọ̀hún sì ń rọ bí gbèsè ṣe ń rọ. Ní 2016, ẹgbẹ́ MTN wọnú àdánù fún ọdún kan gbáko fún ìgbà àkọ́kọ́.

Gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn 2016 tí àwọn oníròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé sókè, tí mo sì rò pé ó wúwo ju bílíọ̀nù 330 lọ. MTN ṣèlérí láti gbé ìpín rẹ̀ wá sí ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìjọba yóò kọ ìbéèrè náà, ta ló ni ọ́, sínú ìwé àdéhùn.

Kí ìlérí náà tó ṣẹ, ìbéèrè tún padà wá ní ẹ̀wù mìíràn. Ní oṣù kẹjọ 2018, Báǹkì Àpapọ̀ ní kí MTN kó bílíọ̀nù 8.1 dọ́là padà wálé, ìyẹn èrè tó ti kó jáde láàárín 2007 sí 2015, pé ìwé ẹ̀rí tó fi gbé owó náà jáde kò pé. Wọ́n bu ìtanràn lé báǹkì mẹ́rin tó bá a gbé e. Láìpẹ́, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba tún ń béèrè bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là owó orí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó ńlá wọ̀nyí fi nǹkan kan hàn nípa ọ̀nà ìṣèjọba tiwa náà: bílíọ̀nù 8.1 parí sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 53 dọ́là ní ọjọ́ kan ṣáájú Kérésìmesì 2018, wọ́n sì fa ti owó orí sẹ́yìn ní 2020 láìgba kọ́bọ̀. Onídòókòwò tó ń wò wá láti òkèèrè kò rí ẹni tó jàre nínú ìyẹn. Ó rí ilé tí wọ́n ti ń dá owó lé èèyàn lórí bí iye owó aṣọ ní Jáńkárà, tí èèyàn yóò sì ná an wálẹ̀.

MTN Nigeria wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún 2019, náírà 90 ni ìpín kan, iye gbogbo ilé-iṣẹ́ náà sì lé ní tírílíọ̀nù 1.8. Ọ̀pọ̀ tó ti ń retí ọjọ́ náà ni ọwọ́ wọn já sófo. Wọn kò ta ìpín tuntun kankan fún aráàlú. Ìpín tó ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ní in tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kàn kọ sójú pátákó, pé ẹni tó bá fẹ́ tà lè tà. Ẹni tó ní kò fẹ́ tà. Owó ìpín ń gòkè, oníṣòwò kékeré sì ń wò ó láti ìta. Lábẹ́ òfin, ilé-iṣẹ́ náà ti mú ìlérí ṣẹ. Lójú ìyá Ọjà Ọba, kò tíì sí ohun tó yí padà.

Ó hàn ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Àwọn jàǹdùkú ní Johannesburg ń sun ṣọ́ọ̀bù àwọn àjèjì, títí kan ti àwọn ọmọ Nàìjíríà, fídíò ń kárí orí fóònù. Níbí, àwọn ọ̀dọ́ tú síta, wọ́n kọlu Shoprite, ilé-ìtajà tó wá láti Gúúsù Áfíríkà, ní Lẹkkí, wọ́n kọlu ibi tí MTN wà l'Ékòó, n'Íbàdàn àti ní Uyo, MTN sì ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Air Peace fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn ọmọ Nàìjíríà wálé. Cyril Ramaphosa tó jẹ́ ààrẹ Gúúsù Áfíríkà rán Jeff Radebe wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Buhari. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé aláìní ló wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Ọmọ Soweto tí kò ríṣẹ́ ń lé oníṣọ́ọ̀bù tó wá láti Nàìjíríà. Ọmọ Ìbàdàn tí kò ríṣẹ́ ń sọ òkúta lu gíláàsì tí ọmọ Ìbàdàn mìíràn ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ni ìpín ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Àti pé gbogbo ìtanràn, gbogbo ìdúnàádúrà pẹ̀lú ìjọba, kò fi ẹnì kan ṣoṣo kún àwọn tó lè dúró síwájú gíláàsì yẹn kó sọ pé, ẹ má fọ́ ọ, tiwa ni.

Láàárín oṣù díẹ̀ yíká ìgbà yẹn ni mo ti rí i kedere pé àwọn ọ̀gá MTN ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ayé lọ́nà mìíràn. Pascal Dozie tó ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ olùdarí ní Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ẹni tó gbapò rẹ̀ ni Ernest Ndukwe, ọkùnrin tó wà ní ìdí gbàǹjo 2001. Adájọ́ àná ti di alága òní, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè rojú sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí lẹ́tà NCC ṣe ń rí kí wọ́n tó kọ ọ́ ti wà nínú ilé. Ní Johannesburg, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ àwọn àgbà agbani-nímọ̀ràn kan kalẹ̀, Thabo Mbeki ni alága rẹ̀, John Kufuor ti Gánà àti Mohamed ElBaradei ti Íjíbítì wà níbẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọ́n wá yá ojú àwọn tó ti jókòó sórí àga ìjọba rí. Ní oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé àwọn yóò kúrò ní Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn, wọ́n sì fi Syria, Yemen àti Afghanistan sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹta 2021, Karl Toriola, ọmọ Nàìjíríà, di ọ̀gá àgbà MTN Nigeria.

Nígbà tí ìjọba tún dé pẹ̀lú àṣẹ tuntun ní ìparí 2020 pé kí wọ́n so símù gbogbo pọ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, kí wọ́n sì dá títa símù tuntun dúró ná, MTN kò jiyàn. Iye oníbàárà rẹ̀ dín ní mílíọ̀nù mélòó kan, ó sì gbé àdánù náà mì. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí kò ní dúró wo ìrù aláǹgbá.

Oṣù kejìlá 2021 ni ìdáhùn tó sún mọ́ aráàlú jù lọ wá. Ẹgbẹ́ MTN ta mílíọ̀nù 575 ìpín lára tirẹ̀, 169 náírà ni ọ̀kan, ìpín 20 sì ni èyí tó kéré jù tí èèyàn lè rà. Ẹ ṣe ìṣirò náà: 3,380 náírà. Lórí fóònù ni wọ́n ti rà á, láìsí pé ẹnikẹ́ni wọ táì lọ sí Marina lọ wá alágbàtà. Ẹni tó bá ra ogún tí kò sì tà á títí ọdún kan, wọ́n á fi ẹyọ kan ta á lọ́rẹ. Àwọn tó fẹ́ rà á pọ̀ ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ, ni wọ́n bá fi kún un títí dé mílíọ̀nù 661.25, àwọn tó rà á lé ní 100,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì ní ìpín kankan rí láyé wọn. Ìpín ti Johannesburg wá sílẹ̀ láti nǹkan bí ìdá 78.8 sí 75.6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìdá mẹ́ta lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo ohun tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Èmi ò kà á sí àánú, mo kà á sí ọgbọ́n. Ìtanràn kan ti gba bílíọ̀nù 330 lọ́wọ́ wọn láìra ọ̀rẹ́ kankan fún wọn. Títà yìí kó bílíọ̀nù 111 náírà wọlé fún wọn, ó sì fi èèyàn tó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún sí ẹ̀yìn wọn. Lọ́dún bíi mélòó kan yẹn náà ni wọ́n gba iṣẹ́ títún títì Enugu sí Onitsha ṣe, kí ìjọba lè yọ owó rẹ̀ nínú owó orí wọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń la títì ti kúrò ní ẹni tí wọ́n kàn ń lé.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tún fẹ́. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba Bọ́lá Tinúbú jẹ́ kí náírà wá ipele ara rẹ̀, ó sì já wálẹ̀ láti bíi 470 sí dọ́là kan títí tó fi kọjá 1,500 ní ìparí 2024. Iye owó tí MTN ń san lórí òpó ìbánisọ̀rọ̀ tó háyà so mọ́ dọ́là. Náírà ni oníbàárà ń san. MTN Nigeria pàdánù bíi bílíọ̀nù 137 náírà ní 2023, bílíọ̀nù 400 ní 2024. Ó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ni òpó, wọ́n tún àdéhùn ṣe. Ó sì ń bẹ NCC kí wọ́n jẹ́ kí owó ìpè àti dátà gòkè, ohun tí kò tíì gòkè láti ọdún mẹ́wàá ó lé. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún un, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì láwọn yóò wọ́de. Ó hàn gbangba pé àjọ tó kọ lẹ́tà tírílíọ̀nù kan ní 2015 kò fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà kú sí òun lọ́wọ́. Èrè padà dé lọ́dún 2025, iye ìpín kan sì kọjá 400 náírà.

Ẹni tó ra ìpín 20 ní 3,380 náírà ti ní ohun tó lé ní 8,000 lórí fóònù rẹ̀ lọ́dún 2025 yẹn. Bí a bá pín gbogbo ilé-iṣẹ́ náà sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan péré ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ra dátà 5,000 náírà lóṣù tẹ́lẹ̀, ó lè ti di 7,500, kó sì jẹ́ pé oṣù méjì péré ni àfikún yẹn yóò fi jẹ gbogbo èrè tó rí lórí ìpín náà tán. Ó sì ń rà á, nítorí pé lórí dátà yẹn náà ló ti ń wo iye tí ìpín rẹ̀ jẹ́.